Ẹni Tó Ka Ẹ̀ta

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èmi Mok, tí mo ti ń ta sídì fíìmù àtijọ́ ní òpópónà Apliu láti bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí mo máa ń fọ́nnu pé kò sí fíìmù ìjà òun ẹ̀rín tí wọ́n ṣe ní Hong Kong láyé ìgbà náà tí mi ò mọ ìdí ẹ̀, èmi yìí kan náà ni mo dúró nídìí àtẹ mi ní ọ̀sán Tọ́sìdeé kan, tí mò ń sọ fún oníbàárà pé, "Ṣé ẹ rí obìnrin tó já bọ́ láti àjà kẹta yẹn? Ọkùnrin ni o! Wíìgì ni wọ́n dé sí i lórí."

Ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn mi pé, "Ọkùnrin wo?"

Àǹtí Hing ni. Tam Yuk-hing ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, àmọ́ Àǹtí Hing ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé tó kọjú sí àtẹ mi ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibi tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà méjì lọ. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nídìí máṣíìnì, tó ń pààrọ̀ síìpù, tó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún àwọn tí Ọlọ́run ò fún ní ẹsẹ̀ gígùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń tiro. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò bi í léèrè rí pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ náà, nítorí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

"Àǹtí, ẹ káàsán," ni mo wí. "Fíìmù àtijọ́ kan la ń sọ."

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Mo ní, ọkùnrin wo?"

"Èyí tó bẹ́ láti orí ọparun. Nígbà náà, ọkùnrin ni wọ́n máa ń…"

"Mok, ṣé etí rẹ di ni? Èmi ni mo bẹ́."

Oníbàárà mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Àǹtí Hing ò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ti òsì sókè dé orúnkún níwájú gbogbo ọjà. Àpá tó wà níbẹ̀ gùn tó síìpù kóòtù. Ó ní, "Ọkùnrin náà rèé. Kí i."

Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe gbóná tó lọ́jọ́ náà àfi tí ẹ bá mọ fíìmù náà, ẹ ò sì lè mọ̀ ọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. "Ọlọ́pàá Méjì, Pẹ́pẹ́yẹ Kan" ni wọ́n pè é. Ọdún 1986 ló jáde. Ọjọ́ kejì tó wọ ilé sinimá ni ìjì dé, ìjọba fa àmì ìjì kẹjọ sókè, èyí tó ní kí gbogbo ènìyàn wọlé, gbogbo ìlú tì gbọn-in gbọn-in. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí ilé sinimá padà, fíìmù mìíràn ti gba ààyè rẹ̀. Bó ṣe kú nìyẹn, ó kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ìtàn rẹ̀ kò le. Àwọn olè kan kó dáyámọ́ńdì sínú ikùn pẹ́pẹ́yẹ sísun, wọ́n gbé e kọ́ sí fèrèsé olóńjẹ láàárín ogún mìíràn, ẹnì kan sì rà á lọ fún ọjọ́ ìbí ìyá ìyàwó rẹ̀. Àwọn obìnrin ọlọ́pàá méjì wá ń lé pẹ́pẹ́yẹ náà káàkiri Kowloon. Mo ti wò ó tó ìgbà ogójì! Ibì kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn mẹ́jọ ti ń jà nínú ilé ìdáná, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pariwo, nítorí ìyá arúgbó ń sùn nínú yàrá kejì. Bí wọ́n bá ti gbá ara wọn ní ìkòkò, ẹlòmíràn á sáré fi ọwọ́ gbá ìkòkò náà mú kó má baà dún. Ẹ̀rín pa mí títí mo fi dà tíì sára. Kò sí ẹni tó tún ń ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé òde òní. Ẹ fún wọn ní gbogbo owó ayé, wọ́n á lọ fi kọ̀ǹpútà ya iná.

Ó ní àléébù tirẹ̀ o. Orin rẹ̀ burú. Suen, gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin tó ṣe ọlọ́pàá àgbà, kì í há ọ̀rọ̀ sórí rárá. Ẹ rántí pé nígbà náà wọn kì í gba ohùn níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Àwọn mìíràn ló máa wá jókòó nínú yàrá lẹ́yìn oṣù kan, tí wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ náà sí òṣèré lẹ́nu. Nítorí náà, òṣèré tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ á kàn máa ka oǹkà, kí ẹnu ṣáà ti máa lọ. Ẹ wo ẹnu Suen dáadáa níbi tó ti ń sunkún níwájú ìyá rẹ̀. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó sunkún dé ẹ̀wá.

Àmọ́ bíbẹ́ yẹn! Ọlọ́pàá kejì ń sá fún àwọn olè lórí ọparun tí àwọn kọ́lékọ́lé dì mọ́ ara ilé, ó dé àjà kẹta, kò sí ọ̀nà mọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ìgboro, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi wá. Ó fi ẹ̀yìn ya tapólì ìbòòrùn ṣọ́ọ̀bù méjì kó tó kúrò lójú wa. Kò sí okùn lára rẹ̀, kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó, ọwọ́ mi máa ń lọ sí àyà. Ẹni tó bẹ́ náà sì ti ń gé ṣòkòtò fún mi láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Mo pa àtẹ dé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi tẹ̀ lé mi lọ sí ilé tíì tó wà ní kọ̀rọ̀, mo ra búrẹ́dì oníbọ́tà fún un pẹ̀lú tíì tí wọ́n pò mọ́ kọfí, mo ní kó sọ gbogbo ẹ̀ fún mi.

Ọmọ ẹlẹ́wà sóyà ni, ní Shau Kei Wan. Ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Siu-ping, ọmọ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, rí àwọn kan tí wọ́n ń ya fíìmù ní etíkun. Wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó lè ṣubú láti orí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn méjèèjì bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó sọ iye tí wọ́n máa san. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di abánigbèjà, àwọn tó ń bá òṣèré ṣubú, tí òṣèré á wá dìde, tí á gbọn eruku tí kò sí lára rẹ̀ nù.

"Mo ti jẹ́ ìyàwó ọba," ni Àǹtí Hing wí, ẹnu rẹ̀ kún fún búrẹ́dì. "Mo ti jẹ́ ìyá arúgbó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1984, mo jẹ́ ìdí ẹṣin."

"Ìdí ẹṣin?"

"Siu-ping ni orí. Òun náà kúrú, àmọ́ ó fi díẹ̀ ga jù mí lọ."

Níwájú ère òrìṣà Kwan Tai olójú pupa ni àwọn méjèèjì ti sun tùràrí tí wọ́n sì búra pé ọmọ ìyá làwọn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: bí ọ̀kan bá fẹ́ ṣubú, èkejì ni yóò to páálí sísàlẹ̀, òun náà ni yóò sì ka oǹkà fún un. Páálí ni wọ́n máa ń lò, páálí òfìfo tí wọ́n tò lé ara wọn pẹ̀lú ibùsùn lórí, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ báàgì afẹ́fẹ́ nígbà náà. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ó dorí ẹ̀ta, o bẹ́.

Àǹtí Hing yí ife rẹ̀ po.

"Ọjọ́ yẹn, òjò ti ṣú. Olùdarí ń pariwo pé ká ṣe kíá. Ó gbé kámẹ́rà kan sórí òrùlé fún tèmi, ó gbé èkejì sísàlẹ̀, kí Suen máa bá oníṣọ́ọ̀bù jà lọ́hùn-ún. Mo wà lórí ọparun, mo kọ ojú sí ògiri, mi ò rí nǹkan kan lẹ́yìn mi. Mò ń dúró. Mo sì gbọ́ ọ. Ohùn obìnrin. Ení, èjì, ẹ̀ta. Mo bẹ́. Páálí ò tíì pé ìdajì, Mok. Ìdajì! Siu-ping kà á kó tó tò ó tán."

"Ṣé òun ni lóòótọ́?"

"Obìnrin wo ló tún ń kà fún mi? Olùdarí fúnra rẹ̀ gbé ọsàn wá bá mi ní ọ́síbítù, ó ní, 'Siu-ping kánjú.' Siu-ping náà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì di ọwọ́ rẹ̀ tó kán, wọ́n ní ó ṣubú níbi tó ti ń sá lọ. Ó ní, 'Hing, mi ò la ẹnu.' Mo ní ọwọ́ tó kán yẹn tọ́ sí i. Mo kọ ojú sí ògiri títí ó fi jáde."

Ọdún méjìdínlógójì nìyẹn. Wọn ò tíì rí ara wọn láti ìgbà náà. Siu-ping fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sá lọ sí Tai O, abúlé apẹja kan, ó ń po edé níbẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ náà ti wá kàn mí rèé: ní gbogbo ọdún tuntun, ìgò edé lílọ̀ kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà Àǹtí Hing láìsí orúkọ lára rẹ̀. Kì í ṣí i. Á sọdá títì, á gbé e fún mi, á ní, "Gbà, mi ò fẹ́ òórùn ẹ̀." Èmi ni mo ń jẹ ẹ́. Mo ti fi edé yẹn din ẹ̀fọ́ fún ìyàwó mi láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé ìjà ẹlòmíràn ni mò ń jẹ.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì mọ bó ṣe wúwo tó. Mo ní, "Àǹtí, a ní fíìmù náà."

"Sídì tó o ń tà yẹn?"

"Rárá o! Ojúlówó ẹ̀." Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo rẹ̀ fún oníbàárà. Bàbá kan tó ni ilé sinimá ní Yuen Long tẹ́lẹ̀ ti kú, opó rẹ̀ kó agolo fíìmù mẹ́fà fún ẹgbẹ́ wa, àwa aláìníṣẹ́ tá a fẹ́ràn fíìmù àtijọ́. A máa fi í hàn lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday ní gbọ̀ngàn àdúgbò ní Shek Kip Mei. "Róòlù tó kẹ́yìn sì wà níbẹ̀," ni mo wí. "Èyí táwọn tó ṣe sídì gé jù nù. Ibi táwọn ìṣìṣe wà."

Ẹ mọ̀ pé bí fíìmù wa bá ti parí nígbà náà, wọ́n máa ń fi àwọn ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ hàn, bí òṣèré bá rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, bí ẹnì kan bá gbá orí mọ́ igi, kí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ máa gòkè lójú rẹ̀. Ẹlòmíràn kì í dìde nílé sinimá títí èyí á fi tán.

Àǹtí Hing gbé ife sílẹ̀. "Kámẹ́rà ìsàlẹ̀," ni ó wí, jẹ́jẹ́. "Ó kọjú sí abẹ́ ọparun. Bí wọ́n bá lò ó, á wà níbẹ̀."

"Kí ló máa wà níbẹ̀?"

"Ẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ rí i níbi tó ti la ẹnu ka ẹ̀ta. Mo fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, kí ọkàn mi balẹ̀ kí n tó kú."

Ọjọ́ Sunday yẹn, mi ò lè jẹun àárọ̀. Ọgọ́ta ènìyàn ló wá! Fún fíìmù tí ẹnì kan ò mọ̀! Yiu, ọ̀rẹ́ wa tó ń yí ẹ̀rọ sinimá, nu dígí ẹ̀rọ náà ní ìgbà mẹ́rin. Àǹtí Hing wọ bùláòsì pupa, ó ṣe irun, ó jókòó sí iwájú pátápátá pẹ̀lú awò ojú tó fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo jókòó tì í.

Ẹ gbà mí gbọ́, fíìmù náà kò tíì gbó. Níbi ìjà ilé ìdáná, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi yí ṣubú lórí àga. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti sídì mi lọ, mo rí ọ̀rá tó ń kán lára pẹ́pẹ́yẹ! Nígbà tó kan orí ọparun, ọlọ́pàá kejì kọ ẹ̀yìn. Ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ilé hó yèè, àtẹ́wọ́ gba ibẹ̀ kan, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo fò dìde, mo pariwo pé, "Ẹni tó bẹ́ rèé o! Òun rèé lórí ìjókòó! Kì í ṣe ọkùnrin o!"

Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àǹtí Hing fa ṣẹ́ẹ̀tì mi.

"Jókòó, aṣiwèrè. Ò ń bò mí lójú."

Àmọ́ mo rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó fi ọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe.

Fíìmù parí. Orin burúkú yẹn bẹ̀rẹ̀, àwọn orúkọ ń gòkè. Suen gbá ojú mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Pẹ́pẹ́yẹ já bọ́ sórí olùdarí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, Suen tún dé, ojú rẹ̀ kún gbogbo aṣọ sinimá, ó ń na ìka sí oníṣọ́ọ̀bù kan, inú ń bí i. Ó hàn gbangba pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ó dúró, ó ṣẹ́jú, ẹnu rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò sí ohùn, orin nìkan ló ń dún. Àmọ́ èmi mọ ẹnu yẹn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ení. Èjì. Ẹ̀ta.

Lẹ́yìn orí rẹ̀, lókè, nǹkan kan kúrò lára ọparun.

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, nítorí Suen fò sókè bí ẹni tí eku gun lẹ́sẹ̀. Wọn ò rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Èmi rí i. Ọmọbìnrin kúkurú kan ń gbé páálí bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún, ó sì tún fi eyín di okùn ìdì páálí mìíràn mú. Ó gbójú sókè. Kò ju páálí náà sílẹ̀ kó sá. Ó gbé gbogbo rẹ̀ dì mọ́ra, ó sì sáré wọ abẹ́ ẹni tó ń já bọ̀. Ibẹ̀ ni fíìmù náà gé sí.

"Ẹ dá a dúró!" Àǹtí Hing ti wà lórí ìdúró. "Ẹ dá a padà! Yiu! Dá a padà!"

Fíìmù gidi kì í ṣe sídì, kò ní bọ́tìnì. Yiu ní láti tan iná, kó yọ róòlù náà, kó yí i padà lọ́wọ́, kó tún fi í sínú ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó dìde lọ. Mo sọ fún wọn kúkúrú ohun tí wọ́n fẹ́ wò. Lẹ́ẹ̀kejì tó dé, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí Hing rìn lọ sí iwájú aṣọ sinimá títí òjìji rẹ̀ fi bo ìdajì ojú Suen, ó fi ìka kan ọmọbìnrin kúkurú náà lẹ́nu.

"Okùn ni," ó wí. "Okùn ló wà lẹ́nu ẹ̀."

Siu-ping ò lè kà á. Ẹni tó fi eyín di ìdì páálí mú ò lè ka ení, ká má tíì sọ ẹ̀ta. Suen ló kà á, Suen tí kò lè há ọ̀rọ̀ mẹ́fà sórí. Olùdarí sì mọ̀, ó ti wo àwòrán náà, ó ti gé e lẹ̀ mọ́ ìparí fíìmù, àmọ́ olùdarí wo ló máa dá gbajúmọ̀ tó ń mú owó wọlé lẹ́bi? Ó ti kú báyìí. Ká ní kò kú ni, ǹ bá ju agolo fíìmù lù ú lọ́jọ́ náà.

Àti ọwọ́ tó kán yẹn. Mi ò sọ ọ́. Àǹtí Hing ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, níbi tó jókòó sí lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn.

"Mo ní ó tọ́ sí i," ó wí. "Mok, abẹ́ mi ni ọwọ́ rẹ̀ kán sí, mo sì ní ó tọ́ sí i."

Ó sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò ní parọ́ fún yín. Kò pẹ́ tó fi nu ojú rẹ̀, tó sì bi mí bóyá ìgò edé ti ọdún yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ìdajì ló kù, Àǹtí."

"Ọ̀jẹun. Gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la."

Bí a ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin, tí a tún wọ bọ́ọ̀sì tó ń gba orí òkè lọ sí Tai O nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀nà, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá kọ́là òun gún. Nígbà tí òkun yọ, ó ṣí ìgò edé náà, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù," ó wí. "Ó máa ń fi iyọ̀ sí nǹkan jù láti kékeré."

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú ìgò.

A bá Siu-ping níwájú ilé rẹ̀ létí omi, ó dé fìlà koríko, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ edé pupa sórí àwọn àtẹ rìbìtì kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì wọ́. Ó gbójú sókè, ó rí wa. Mo rò pé ìgò inú ọwọ́ Àǹtí Hing ló kọ́kọ́ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà sídìí edé rẹ̀.

"Ṣé máṣíìnì rẹ bàjẹ́ ni?" ó wí.

"Máṣíìnì mi ń ṣiṣẹ́," ni Àǹtí Hing wí. "Mo wo fíìmù náà."

"Fíìmù wo?"

"Tiwa. Ti pẹ́pẹ́yẹ."

"Ó dáa?"

"Orin ẹ̀ burú. Àmọ́ wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa." Ó gbé ìtọ́ mì. "Siu-ping, okùn wà lẹ́nu rẹ."

Ọwọ́ tó ń tẹ́ edé dúró.

"Mo rí i," ni Àǹtí Hing wí. "Suen ni. Ó ń ka oǹkà sí oníṣọ́ọ̀bù. O sáré wá sábẹ́ mi."

"Mo sọ fún ẹ pé mi ò la ẹnu."

"O sọ fún mi."

"Ọdún méjìdínlógójì, Hing! Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń sọ ọ́ fún ògiri! Mò ń gbé edé wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ bí ẹni tó ń fún ológbò tí kò nílé lóúnjẹ, o ò wá bèèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

"Mo mọ̀. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́ gan-an, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún irú ẹ̀ ṣe, síìpù nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe."

Siu-ping fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, edé kùn ún lójú. Mo dúró síbẹ̀ bí igi, mi ò mọ ibi tí mo máa wò.

Àǹtí Hing gbé ìgò fún mi. Ó gun pèpéle pákó tí wọ́n ń to àtẹ sí, èyí tó ga dé ìgbáròkó mi. Ó fi ẹsẹ̀ tiro yẹn gùn ún díẹ̀díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Kà á," ó wí.

"Ṣé orí rẹ dàrú ni?" Siu-ping ti nàró. "Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀!"

"Kà á, mo ní."

"Ìwọ ọkùnrin tó dúró síbẹ̀ bí òpó, mú un sọ̀ kalẹ̀!"

"Ta ló lè mú un sọ̀ kalẹ̀, Àǹtí?" ni mo dáhùn.

Siu-ping wò ó, ó wò ó, ó ṣépè kan tí mi ò lè kọ síbí. Ó ju fìlà nù, ó sáré lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tó máa jáde, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún páálí òfìfo tí wọ́n fi ń kó ìgò edé, ìdì mìíràn sì wà tó fi eyín di okùn rẹ̀ mú. Mo sáré lọ bá a tò ó. Ó tutọ́ okùn náà dànù.

"Má bẹ́ o! Mi ò tíì tò ó tán!"

"Mò ń dúró," ni Àǹtí Hing wí. Kò bojú wẹ̀yìn.

A tò ó ní ìpele mẹ́ta. Siu-ping fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un tò, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé e lórí. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú lójú fèrèsé. Siu-ping wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó wọ́ àti èyí tó gún.

"Ó yá," ó wí. "Ení."

Òkun dákẹ́.

"Èjì…"

Àǹtí Hing jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi wá, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí nínú fíìmù. Páálí ya, Siu-ping ṣubú lé e, àtẹ edé kan yí dà lé àwọn méjèèjì.

"Wèrè! Mi ò tíì ka ẹ̀ta!" ni Siu-ping ń pariwo láàárín páálí. "Mi ò tíì ka ẹ̀ta, Hing!"

"Mo mọ̀," ni Àǹtí Hing wí. "Ìwọ lo wà nísàlẹ̀."